Ọdún Tí A Yan Ìbọn Ọlọ́ta Ńlá

Ẹwìrì ló máa ń jí wa nílé wa ní Òṣogbo. Kí ojú ọjọ́ tó là dáadáa, bàbá mi á ti kírun àárọ̀ tán, á ti wọ abẹ́ àgbẹ̀dẹ rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ohun tí n ó sì kọ́kọ́ gbọ́ lórí ẹní ni ẹwìrì tó ń mí sókè mí sódò bí ẹni tó sùn fọnfọn. Lẹ́yìn ẹwìrì ni òòlù á bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn òòlù ni ohùn Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó ń ka tẹ̀sùbáà nínú yàrá, tí á sì máa dá a dúró láti bi ẹni tó bá ń kọjá bóyá ó ti pọnmi sínú ìkòkò. Bí fèrè ọkọ̀ ojú irin bá fi lè dún láti ìsàlẹ̀ ìlú, ọmọ tí kò bá tíì gbálẹ̀ ti pẹ́ nìyẹn. Ìyàwó méjì ni bàbá mi fẹ́. Ìyá Làmídì ni ìyáàlé, ọmọ Òṣogbo ni, òun ló máa ń ro ẹ̀kọ tó sì máa ń se ọ̀ọ̀lẹ̀ láàárọ̀. Ìyá tèmi ni ìyàwó kejì, Iléṣà ni wọ́n ti gbé e wá. Lálaalẹ́ ló máa ń gún iyán, odó rẹ̀ á sì máa dún títí kan ilé kẹta. "Uṣu" ni ó máa ń pe iṣu, "ulé" ni ó ń pe ilé, àwọn ọmọ ilé á sì máa sín in jẹ. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín.

Èmi ni Ṣífáwù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Làmídì ni àkọ́bí ìyáàlé, oṣù mẹ́ta péré ló sì fi jù mí lọ. Oṣù mẹ́ta yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ di Bọ̀ọ̀dá mi. Níwájú àgbà, "ẹ" ni mo gbọ́dọ̀ fi bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ku àwa méjì, mo máa ń pè é ní ìwọ, kò sì fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni rí. Mo jowú rẹ̀. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn pè é. Mo jowú ẹní rẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún bàbá wa nígbà tí a bá ń kírun. Mo jowú ẹran tó máa ń bá a nínú àwo, èyí tó máa ń tóbi ju tèmi lọ díẹ̀, díẹ̀ tí ẹni tí kò bá fojú wọ̀n ọ́n kò lè rí. Mo jowú wàláà tó ń gbé lọ sílé kéwú, àti bí ohùn rẹ̀ ṣe ń dùn tó bá ń ké Kùránì, tí àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà á dúró gbọ́ ọ. Ní ti ọwọ́ rẹ̀, kò lágbára. Ó ti já bọ́ lórí igi gúáfà rí, apá òsì rẹ̀ kán, wọ́n tò ó, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ díẹ̀ níbi ìgúnpá, kò sì lè gbé ohun tó wúwo pẹ́. Nítorí náà, èmi ọmọ obìnrin ni bàbá mi fi sídìí ẹwìrì. Mo rò nígbà náà pé ìyà ni. Lónìí, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá mi jù, nítorí pé ẹni tó wà nídìí ẹwìrì ló ń rí ojú alágbẹ̀dẹ nígbà tí iná bá tàn sí i.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí ìjọba ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Ìyá Àgbà kò sọdá títì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n ń lọ ná. Àárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni Bàbá Tíṣà wọlé wá láti Iléṣà. Àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló kọ́ ìyá mi ní ábídí nígbà tó wà ní kékeré, ìyá mi sì ṣì máa ń kúnlẹ̀ gbọọrọ kí i. Ohun gígùn méjì tí wọ́n dì sínú àpò kòkó ni ó gbé kalẹ̀ níwájú bàbá mi. Ìbọn ni wọ́n, àmọ́ wọn kò dà bí ìbọn àwọn ọdẹ tí bàbá mi máa ń tún ṣe. Kò sí ojú ibi tí a ń rọ ẹ̀tù sí. Bàbá Tíṣà ní ìbọn afẹ́fẹ́ ni, òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún òun, sípíríǹgì inú àwọn méjèèjì sì ti kú.

"Alágbẹ̀dẹ," ni ó wí, "kí ni mo fẹ́ fi ìbọn méjì ṣe ní ọjọ́ orí mi yìí? Ẹ bá mi tún wọn ṣe. Bí wọ́n bá ti dára, ẹ gbé wọn wá sí Iléṣà, kí ẹ mú èyí tó bá wù yín níbẹ̀ fún àwọn ọmọ. Èyí tó bá kù, èmi á máa fi lé ẹyẹ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi."

Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni bàbá mi fi tú àwọn ìbọn náà palẹ̀. Èmi ni mo di sípíríǹgì mú nígbà tó ń ki í bọ inú ọ̀pá irin. Èmi ni mo ń fi òróró pa awọ tó ń ti afẹ́fẹ́ jáde. Mo wá mọ àwọn ìbọn náà bí mo ṣe mọ ẹsẹ̀ mi. Ní ìrísí, wọ́n jọra bí ìbejì, ẹnu wọn ló yàtọ̀. Ọta ọ̀kan kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ, ọta èkejì tó hóró ẹ̀wà. Bí a bá fẹ́ yìn wọ́n, a ó ṣẹ́ ọ̀pá ìbọn náà wá sílẹ̀ títí tí nǹkan inú rẹ̀ á fi dún kẹ́, a ó ki ọta bọ ibi tó ṣẹ́ yẹn, a ó sì dá a padà. Ti ọlọ́ta kékeré rọrùn láti ṣẹ́. Ti ọlọ́ta ńlá le. Bàbá mi kìlọ̀ fún mi pé bí n kò bá tíì gbọ́ kẹ́ yẹn, n kò gbọdọ̀ fi ìka kan ibẹ̀, nítorí pé sípíríǹgì lè dá ọ̀pá náà padà lójijì, á sì run ohunkóhun tó bá bá lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Làmídì wà nílé kéwú, a gbé agolo mílíìkì sórí ògiri, bàbá mi sì jẹ́ kí n yìn méjèèjì. Ọta kékeré lọ tààrà bí ẹni na okùn, ó lu agolo náà jáde lódì kejì. Ọta ńlá kọ́kọ́ balẹ̀ sísàlẹ̀ agolo, nítorí pé ó wúwo, ó máa ń wálẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ìgbà tí mo gbé ẹnu ìbọn sókè díẹ̀ ló tó bà á, agolo náà sì tẹ̀ pátápátá. Bàbá mi wá fi ọlọ́ta kékeré yin àdàbà kan tó ń jẹ àgbàdo tí Ìyá Àgbà sá. Ẹyẹ náà ṣubú, ó ń fi ìyẹ́ gbálẹ̀. Bàbá mi tètè ṣe bísímílà, ó dú u, Ìyá Àgbà sì fi jẹ ẹ̀kọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ó fi ọlọ́ta ńlá yin òmíràn, kí ó sì tó ṣubú ló ti kú. Bàbá mi wò ó, ó wo ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé ẹyẹ náà fún ológbò.  Mo ti yan tèmi lọ́kàn mi. Ọlọ́ta kékeré ni.

Nígbà tí àwọn ìbọn náà di títúnṣe, bàbá mi sọ fún wa nídìí oúnjẹ alẹ́ pé òun ń lọ sí Iléṣà lọ́tùúnla. "Làmídì ni yóò bá mi lọ. Òun ni àgbà nínú yín, òun ni kí ó yan ọ̀kan." Mo dá òkèlè ọwọ́ mi padà sínú àwo. Ìyá mi rí ojú mi, ó rọra fi orúnkún kan orúnkún mi lábẹ́ àwo kí n má baà sọ̀rọ̀. Ìyá Làmídì ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó rí èyí tó dáa mú. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì tí òróró ìbọn kò tíì tán léèékánná wọn. Mo ro ọjọ́ mẹ́jọ tí mo fi jókòó ti irin, tí ẹnì kan wà nílé kéwú tí ó ń gba ìyìn. Iléṣà tí wọ́n ń lọ gan-an, ìlú ìyá mi ni. Mo sùn tòun tìbínú, mo sì jí pẹ̀lú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Làmídì ń pọn omi nídìí kànga, ó sì dúró ti korobá rẹ̀.

"Ṣífáwù, èwo ló dáa nínú ìbọn méjèèjì?"

"Kí ló dé tí o fi ń bi mí? Ìwọ ni wọ́n ní kí o yàn án."

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa wọn. Ìwọ lo mọ̀ wọ́n."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bi mí bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ onílùú. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Ó rọrùn fún un láti sọ pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n, nígbà tí òun ni yóò gbé e wọlé tí ilé á sì pa ariwo. Mo fa okùn kànga sókè, mo da omi sínú korobá, mo sì ti ro ohun tí mo fẹ́ sọ dáadáa kí n tó yíjú sí i.

"Ńlá ni kí o mú."

"Kí ló dé?"

"Ó lágbára ju ìkejì lọ. Ohun ìṣeré ni kékeré yẹn."

Ó wo apá òsì rẹ̀. "Ṣé kò le jù láti ṣẹ́?"

"Kò le. Èmi gan-an ṣẹ́ ẹ."

Òótọ́ ni pé mo ṣẹ́ ẹ. Ohun tí n kò sọ ni pé mo ní láti fi ìdí ìbọn náà ti ikùn, kí n sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, èmi tí ẹwìrì ti sọ apá mi di apá ọkùnrin. Mo mọ̀ pé kò ní lè ṣẹ́ ẹ. Mo rò ó pé wọn á gbé e dé, á gbìyànjú títí, ojú á tì í, ìbọn á sì di tèmi. Èrò mi kò ré kọjá ibẹ̀ yẹn.

Wọ́n lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì nínú bọ́lẹ́kàjà. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń ro ojú rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, tó jókòó ti bàbá mi, tí àwọn igi kòkó ń sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dé, ọlọ́ta ńlá ló wà léjìká rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé tò lẹ́yìn rẹ̀ wọ àgbàlá. Ìyá Àgbà jáde tòun ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Bàbá mi lọ ṣàlùwàlá, àwọn ọmọ sì ní kí Làmídì yìn ín kí àwọn rí i. Ó gbé ìdí ìbọn náà lé ilẹ̀, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó fà á. Kò mì. Ó tún fà á. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, inú mi sì dùn, kí n má parọ́. Mo dúró ti òpó ilé ìdáná, mo ká apá lé àyà, mò ń retí kí ó yíjú kí ó ní, "Ṣífáwù, wá bá mi ṣe é." Kò pè mí. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí ìbọn náà mọ́lẹ̀, ó fi apá rẹ̀ tó dáa wọ́ ọ̀pá náà wálẹ̀, ó wálẹ̀, ó wálẹ̀, ó kù díẹ̀. Mo mọ̀ pé kò tíì dún kẹ́. Gbogbo wọn ń pariwo, wọn kò lè gbọ́ ohun tí kò dún, àmọ́ èmi mọ̀ ọ́n. Ó yọ ọta tó ti há sẹ́nu, ó na àtàǹpàkò òsì sí ojú ibẹ̀. Àyè wà fún mi láti sọ̀rọ̀. Mo ti rò ó yẹ̀wò ní àìmọye ìgbà láti ọjọ́ náà, àyè wà dáadáa. Ọ̀pá ìbọn náà padà lójijì.

Kò ké. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni pé wọ́n ní kí ó jókòó, ó gbé ọwọ́ sójú, ó ń wò ó. Ìyá rẹ̀ ló ké. Bàbá mi sáré jáde tí omi àlùwàlá ṣì ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó ya etí aṣọ rẹ̀, ó fi di àtàǹpàkò náà, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Ìyá mi fọ ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀. Mo bá a bomi. 

Egungun rẹ̀ kò fọ́ tán, ṣùgbọ́n èékánná náà bọ́, kò sì hù mọ́. Fún ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń dúró kí bàbá mi pe gbogbo wa jọ kí ó béèrè ẹni tó ní kí Làmídì mú ìbọn tó le jù. Mo ti to irọ́ tí n ó pa sílẹ̀. Kò béèrè. Ó kàn gbé ìbọn náà kọ́ sára ògiri àgbẹ̀dẹ, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí mo dé ìdí ẹwìrì láàárọ̀, ó ti gbé e sórí ìjókòó mi.

"Gbà," ni ó wí. "Ìwọ ni kí o máa fi lé ẹyẹ nídìí àgbàdo Ìyá Àgbà."

"Bàbá, ti Bọ̀ọ̀dá Làmídì ni."

"Mo ní kí o gbà á."

Bí ohun tí mo fẹ́ ṣe tẹ̀ mí lọ́wọ́ nìyẹn, kò sì dùn mọ́ mi rárá. Ní gbogbo ọdún náà, àràárọ̀ ni mò ń fi ikùn ṣẹ́ ìbọn tí n kò fẹ́ràn. Mo yin ẹyẹ púpọ̀, nítorí pé ojú mi dá. Bí mo bá ṣe yìn wọ́n ni wọ́n ń kú lójú ẹsẹ̀. Ìyá Àgbà á gbé orí yọ láti ojú fèrèsé, á bi mí pé, "Ṣé ó ṣì ń mí?" N ó ní rárá. Á ní, "Mi ò ní jẹ òkú, Ṣífáwù," á sì padà sídìí tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ológbò ilé wa sanra lọ́dún náà débi pé kò lè gun ògiri mọ́. Làmídì, tòun ti aṣọ funfun tí wọ́n fi di àtàǹpàkò rẹ̀, wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi pẹ̀lú ọ̀bẹ. Bí mo bá ti yìn ín, á sáré tete, á gbé ẹyẹ náà, á ti ní bísímílà lẹ́nu kí ó tó dé ibẹ̀, á gbé etí sí àyà rẹ̀, á sì wò mí, á mi orí. Kò bú mi. Ó kàn máa ń sọ pé, "Bóyá ọ̀la." Mo jowú rẹ̀ nígbà náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni tí ohun tó dùn ún kò ba inú rẹ̀ jẹ́. Mo fẹ́ kí ó bínú sí mi, kí ọ̀rọ̀ lè parí.

Mo ti bímọ mẹ́rin kí n tó mọ ìyókù. Bàbá mi ti fi òòlù sílẹ̀, ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà lórí ìjókòó onítìmùtìmù. Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ ìbọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ní ó ń yà mí lẹ́nu pé kò béèrè ẹni tó gba Làmídì nímọ̀ràn.

"Kí ni mo fẹ́ béèrè?" ni ó wí. "Bàbá Tíṣà bi í pé kí ló dé tó fi mú ńlá, ó ní àbúrò òun ló ní kí òun mú un. Ó ní àbúrò òun mọ ìbọn ju òun lọ, ó tiẹ̀ ju èmi lọ. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń fi ọ yangàn. Èmi mọ̀ pé o mọ èyí tó dáa. Mo rí ojú rẹ lọ́jọ́ tí a yin agolo." Ó tún ìdí ṣe lórí tìmùtìmù rẹ̀. "Ìwọ lo yàn án. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o máa gbé e."

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Iwaraja lẹ́yìn Iléṣà, níbi tí Làmídì ti ń ránṣọ ní ẹ̀gbẹ́ oríta. Ó ti hu ewú. Mo jókòó tì í, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ìdí kànga títí dé ìgbà tí àyè wà fún mi láti sọ̀rọ̀ tí n kò sọ ọ́. Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Àwọn ọlọ́kọ̀ Àkúrẹ́ ń pe èrò níta. Kò bi mí pé kí ló dé.

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́," ni ó wí, "èwo ló wù ọ́ nígbà náà?"

"Kékeré ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tí kò léèékánná yẹn tẹ aṣọ tó wà níwájú rẹ̀ kí ó lè tẹ́ dáadáa. "Kékeré yẹn náà ló wù mí. Nígbà tí mo gbé e ní ilé Bàbá Tíṣà, bí ẹni pé apá mi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Mo ti dì í mú tán. Ìgbà tí mo rántí ohun tí o sọ ni mo gbé e kalẹ̀."

 Mo wo ọkùnrin náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu mi tó láti mú kí ó gbé ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ sílẹ̀, mo sì rí i pé mo ṣì ń jowú rẹ̀, tòun ti ewú lórí àwa méjèèjì. Ó ní kí n sún wá sábẹ́ òjìji kí oòrùn má pa mí, ó gbé ẹsẹ̀ padà sórí ẹ̀rọ, ó sì ń ránṣọ lọ.